Àwọn Eku Ọlọ́wọ́ Òsì

Bàbá tó ń tọ́jú àwọn eku wa kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òsì. Ọjọ́ kejì tí mo dé ilé ìwádìí náà ni mo mọ̀. Mo fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ yàrá eku padà fún wọn, ìwé kún apá ọ̀tún mi, mo bá fi òsì na kọ́kọ́rọ́ sí wọn. Bàbá wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì ká ọwọ́ tiwọn sẹ́yìn. A dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń ya fọ́tò. Nígbà tí mo rí i pé wọn ò ní gbà á, mo kó gbogbo ìwé mi sílẹ̀, mo fi ọ̀tún mú kọ́kọ́rọ́, mo tún fi ìkúnlẹ̀ kún un. Wọ́n gbà á wàyí. Wọ́n ní, "Káre, ọmọ." Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Òsì ni mo fi ń kọ̀wé, òun ni mo fi ń gé àlùbọ́sà, òun náà ni mo fi ń gún abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé wa ní Challenge n'Ìbàdàn, tí àlejò bá fẹ́ bá wa jẹun, màmá mi á fa àjákù aṣọ kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á fi so ọwọ́ òsì mi mọ́ àga. Wọn ò nà mí o, wọn ò sì so ó le. Ṣùgbọ́n mo ṣì rántí aṣọ yẹn, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, tó ń rùn kàfúrà. Mo ti dàgbà, mo ti kàwé, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá fi ojú burúkú wo òsì mi, ara mi á gbóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ilé ìwádìí tí mò ń wí yìí kéré. Ó wà ní Bódìjà, nínú ọgbà kan tí igi máńgòrò bò. Bàbá ti ń tọ́jú ẹranko níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́. Moniya ni wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì wá, wọn kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ aláṣọ funfun kan lọ́hùn-ún, mo sì rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú àṣà wọn kan wá: wọ́n á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọ yàrá eku. "Àwọn ọmọ" ni wọ́n ń pe àwọn eku. Bàbá á kí àwọn ọmọ káàárọ̀, wọ́n á sì béèrè bóyá ooru ò mú wọn lóru. Àwa tó kàwé á fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ mi ni láti mọ̀ bóyá oògùn lè ran ọpọlọ tó fara pa lọ́wọ́ láti bọ̀ sípò. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà láti Òjóò dé Dùgbẹ̀ rí kò ní bi mí pé kí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wúlò fún. Wọn kì í fi ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ìdánwò oògùn, ẹranko ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo gba ìwé àṣẹ, mo kọ́ bí a ṣe ń ṣe é tí kò fi ní dun ẹranko. Síbẹ̀ mi ò ní purọ́, lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, mo sunkún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ ni pé eku náà ní ọwọ́ tó fẹ́ràn. Tí a bá fi eku sínú àpótí dígí tó ní àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí a wá fi èérún oúnjẹ síta lẹ́bàá àlàfo náà, ọwọ́ kan ni yóò máa nà jáde láti mú un. Àwọn kan á na ọ̀tún, àwọn kan á na òsì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí èyí tó na òsì, mo pariwo bí ẹni tó pàdé ìbátan rẹ̀ ní ìdíkọ̀.

Nínú ọpọlọ, òdì-kejì ni ètò: apá òsì rẹ̀ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ òsì. Nígbà tí a fún àwọn eku ní oògùn tó kùn wọ́n lóorun, ibi kékeré tó ń darí ọwọ́ tí eku kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn la pa lára. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n ń rìn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ti rọ. Kò lè mú nǹkan mọ́. Kí ni eku á ṣe? Á yáa máa fi ọwọ́ kejì jẹun. Èyí tó ń lo ọ̀tún tẹ́lẹ̀ á di ọlọ́wọ́ òsì, èyí tó ń lo òsì tẹ́lẹ̀ á di ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún mi.

Oògùn tí à ń dán wò kì í ṣe ohun tuntun, àwọn oníwádìí ti ń fún ẹranko ní irú rẹ̀ tipẹ́. Kì í di ojú ọgbẹ́. Ohun tí a gbà pé ó ń ṣe ni pé ó ń jí àwọn ibi tó yí ọgbẹ́ ká, tí ìjàm̀bá ti kó oorun bá. Ìdajì àwọn eku gba oògùn, ìdajì gba omi iyọ̀ lásán. Ọ̀gá mi ló kọ nọ́ńbà sára àwọn ìgò, wọ́n sì ti ìwé tó túmọ̀ nọ́ńbà náà mọ́ inú àpòòwé nínú dúrọ́ọ̀ wọn, kí n má baà máa fi ojú ìfẹ́ wo àwọn tó gba oògùn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo máa ń gbé oúnjẹ sí ibi tó jẹ́ pé ọwọ́ tó fara pa nìkan ló lè dé ibẹ̀, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀.

Obìnrin Èkìtì ni ọ̀gá mi, wọn kì í pariwo. Lọ́jọ́ tí a ṣí àpòòwé náà, àwa méjèèjì jọ da orí bo tábìlì. Láàárín àwọn eku tó jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún kí wọ́n tó fara pa, àwọn tó gba oògùn ti ń fi ọ̀tún mú oúnjẹ padà. Iṣẹ́ yanjú! Mo ti fẹ́ fò. Ìgbà náà la wo àwọn tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Òfo. Ẹni tó gba oògùn, ẹni tó gba omi iyọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọwọ́ òsì wọn ń fì bí ọwọ́ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn.

Ọ̀gá mi bọ́ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún oògùn yìí pé ọ̀tún dára ju òsì lọ?"

"Mi ò mọ̀ mà."

"Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn kì í yan ọwọ́ láàyò. Àṣìṣe kan wà níbì kan, o sì gbọ́dọ̀ wá a jáde. Mò ń rìnrìn àjò fún ọdún kan tí sáà yìí bá parí. Tí kò bá yanjú kí n tó lọ, wàá gbé àkòrí mìíràn, wàá sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọdún kẹrin mi lórí oyè ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Àwọn tí a jọ wọlé ti ń múra àti gba oyè, àwọn mìíràn ti wà ní Kánádà tí wọ́n ń fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Agbowó níbi tí mò ń gbé, mo ń sunkún láìfọhùn, oníkẹ̀kẹ́ sì ń wò mí nínú dígí. Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe ọdún mẹ́rin náà. Òsì ló dùn mí. Àfi bíi pé wọ́n tún so ọwọ́ mi mọ́ àga. Ṣé oògùn náà tún wà lára àwọn tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wa ni?

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá àṣìṣe náà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lórí rọ́ọ̀gì. Mo wò ó bóyá ọwọ́ òsì mi tí mo fi ń gún abẹ́rẹ́ ló ń ṣe é, mo bá bẹ ẹlòmíràn kó gún un níṣojú mi. Kì í ṣe òun. Mo wo àwọn ọgbẹ́, wọ́n dọ́gba. Mo wò ó bóyá àgò àwọn ọlọ́wọ́ òsì sún mọ́ fèrèsé jù. Rárá. Bàbá ń wò mí bí mo ṣe ń gbé àgò sókè sódò, wọ́n ní, "Rọra o, àwọn ọmọ ń sùn." Mo tún gbé òmíràn.

Wọn ò fún wa níná ní Agbowó lálẹ́ ọjọ́ kan, fóònù mi kú, kọ̀ǹpútà mi kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo yáa gba ilé ìwádìí lọ kíákíá kí n lè rí ibi tí màá ti ki iná bọ̀ wọ́n, kò sì tíì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi bàtà Bàbá lẹ́nu ọ̀nà yàrá eku. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú.

"Rárá. Òsì kọ́. Mo ní òsì kọ́. Ehn-ehn, èyí tó kù ńkọ́? Gbìyànjú. Káre, ọmọ!"

Mo rò pé ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n mú wá síbi iṣẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn. Bàbá wà lórí ìjókòó kékeré níwájú àgò kan, ẹ̀pà wà látẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n mú ẹyọ kan tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ sẹ́nu irin àgò náà. Eku inú rẹ̀ na òsì. Bàbá fa ẹ̀pà sẹ́yìn. Eku náà dúró, ó gbóòórùn afẹ́fẹ́, ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó rọ sókè, ó ń gbọ̀n, ó nà án. Ìgbà náà ni Bàbá tó jẹ́ kó mú un.

"Bàbá! Kí lẹ ń ṣe?"

Wọn ò tiẹ̀ ta gìrì. "Mò ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ni. Láti ìgbà tí ẹ ti ṣí wọn lórí ni àwọn ọmọ yìí ti ń fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ọmọ gidi ni wọ́n tẹ́lẹ̀."

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Mo ní wọ́n ti ba iṣẹ́ ọdún mẹ́rin jẹ́. Mo ní ta ló ní kí wọ́n máa fún eku lẹ́pà. Mo ní kí ni òsì tiẹ̀ fi ṣe wọ́n, ṣé òsì ló pa bàbá wọn ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́, sí àgbàlagbà, ojú ṣì ń tì mí di òní. Bàbá da ẹ̀pà tó kù sápò, wọ́n sì ń fi fìlà nu ojú.

Àárín ariwo yẹn gan-an ni mo wo nọ́ńbà tó wà lára àgò náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún kí wọ́n tó fara pa ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo lẹ̀ ń kọ́?"

"Àwọn tó ń fi òsì gbà."

"Àwọn tó ń fi ọ̀tún gbà ńkọ́?"

"Kí ni mo tún fẹ́ kọ́ àwọn yẹn? Wọ́n ti lẹ́kọ̀ọ́. Mo kàn ń fún wọn ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti jí lórí tábìlì yín. Láràárọ̀."

Ẹ ò rí i báyìí? Àwọn tó ń fi òsì gbà ni àwọn tí ọ̀tún wọn rọ. Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n sinmi, láràárọ̀ ni wọ́n ń mú kí ọwọ́ tó rọ yẹn ṣiṣẹ́. Àwọn tí òsì tiwọn rọ ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, ìyẹn sì tẹ́ Bàbá lọ́rùn, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bi ọwọ́ òsì wọn pé báwo ni. Oògùn ò yan ẹnì kankan láàyò. Ó jí ọpọlọ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìkan rí iṣẹ́ ṣe nígbà tó jí, ìkejì jí, kò ríṣẹ́, ó sùn padà. Gbogbo ìgbà tí mò ń wá àṣìṣe, ìdáhùn ni mò ń wá láìmọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi obìnrin, mo nà gbalaja lórí sìmẹ́ńtì yàrá eku, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, mò ń bẹ Bàbá. Wọ́n ní kí n dìde, pé ilẹ̀ ti dọ̀tí, pé àwọn ò tíì gbálẹ̀.

Ọ̀gá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n wo Bàbá, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ìtàn dùn. Ṣùgbọ́n ìtàn kọ́ la fi ń gboyè. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, eku ọlọ́wọ́ òsì nìkan, kí àwọn kan gba oògùn pẹ̀lú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn kan gba oògùn nìkan, àwọn kan ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan, kí àwọn tó kù má gba nǹkan kan. Èmi ni màá mọ ẹni tó gba kí ni. Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wọn. Òsì."

Bàbá mirí. "Kí n máa kọ́ ọmọ ní òsì? Lọ́jọ́ ogbó mi? Rárá o, mà."

Mo tẹ̀ lé wọn jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo ṣáà bá ara mi tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn fún wọn, àga, àlejò, òórùn kàfúrà. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí.

"Màmá rẹ ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣẹlẹ́yà ni."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí."

Wọ́n wọ bàtà wọn, wọ́n ń lọ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, mo ti ń ronú àkòrí tuntun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àwọn eku tuntun jí láti ibi iṣẹ́ abẹ, Bàbá ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ẹ̀pà Moniya wà nínú bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Àwọn wo ni kí n kọ́?"

Ẹ bá mi rí Bàbá ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn! Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀, wọ́n á wá tẹ̀ síwájú, wọ́n á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Òsì. Fi òsì gbà á." Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ohùn wọn ti dé ọgbà. Eku kan wà tí mo fa ilà méjì sí nírù, alágídí ni, òsì rẹ̀ ò gbéra rárá. Bàbá ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n á di ẹ̀pà mú títí apá á fi máa ro wọ́n.

Ọjọ́ ìdánwò tó kẹ́yìn, ọ̀gá mi wá jókòó fúnra wọn, àpótí ìrìn àjò wọn ti wà ní gbàgede. Mo fi eku onílà méjì sínú àpótí dígí. Ó gbóòórùn. Ó wá síbi àlàfo. Ó na òsì, ó kùnà. Ó tún nà án, ó kùnà. Ó tún nà án, ìka rẹ̀ wẹ́wẹ́ là bí òdòdó, ó pa pọ̀ mọ́ èérún oúnjẹ náà, ó fà á wọlé, ó sì jókòó, ó ń jẹ ẹ́ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Bàbá lu ọwọ́ mọ́ itan wọn. "Káre, ọmọ!"

A ṣí àpòòwé. Àwọn tó gba oògùn, tí Bàbá sì kọ́, wọ́n ti gba ọwọ́ òsì wọn padà. Àwọn tí Bàbá kọ́ láìsí oògùn gbìyànjú díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò débẹ̀. Àwọn tó gba oògùn láìsí Bàbá, àti àwọn tí kò gba nǹkan kan, asán. Ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í pariwo, dìde láàárín yàrá, wọ́n ju gíláàsì sórí tábìlì, wọ́n sì jó yí wa ká. Mi ò sọ pé a ti rí ìwòsàn fún ènìyàn o. Eku ni wọ́n, ènìyàn ni wá, ọ̀nà ṣì jìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi jẹ́ tèmi lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá mi ti padà dé láti ìrìn àjò ọdún kan náà kí n tó dojú kọ àwọn tó máa yẹ̀ mí wò fún oyè. Àwọn yẹn bi mí ní ìbéèrè lóríṣiríṣi, wọ́n wá ní kí n bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n ní kí n wọlé padà, tí ẹni tó dàgbà jù nínú wọn dìde, tó pè mí ní Dókítà, mi ò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e. Mo jáde. Bàbá wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú aṣọ funfun ìjọ wọn tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, wọ́n di ẹ̀pà bíńtín kan mọ́ inú bébà.

Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ ọ̀tún.

Bàbá fa ẹ̀pà náà sẹ́yìn.

Mo gbójú sókè wò wọ́n. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Èyí tó o fi ṣiṣẹ́ náà ńkọ́?"

Àwọn ènìyàn pọ̀ ní gbàgede, gbogbo wọn ń wò wá. Ara mi gbóná, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìbínú. Mo na òsì mi sí àgbàlagbà níwájú gbogbo ayé, ó ń gbọ̀n, Bàbá sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀pà náà lé e.

"Káre, ọmọ," ni wọ́n wí.